Ìbímọ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin: ohun tí iye tó ń wálẹ̀ sọ, àti ohun tí kò sọ fún wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ní ọdún 1990, tí ẹ bá kó ẹgbẹ̀rún kan ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 15 títí dé 19 jọ, ọmọ 146 ni wọn yóò bí láàárín ọdún kan. Ní 2003, ó di 126. Ní 2008, 121. Ní 2013, 122, bí ẹni pé kò kúrò lójú kan. Nígbà tó fi di 2018, ó ti wálẹ̀ sí 106. Inú ìwádìí ilé dé ilé tí ìjọba àpapọ̀ máa ń ṣe lórí ìlera àti ìbímọ ni àwọn iye wọ̀nyí ti wá. Ìwádìí kan náà tún máa ń ka iye àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti bímọ tàbí tó lóyún nínú lọ́jọ́ tí wọ́n bi wọ́n léèrè: 28 nínú ọgọ́rùn-ún ní 1990, 25 ní 2003, 23 ní 2008 àti ní 2013, 19 ní 2018. Ti 2023 sí 2024 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. 15 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyẹn tiẹ̀ ka àwọn tí oyún bà jẹ́ lára wọn mọ́ ọn, èyí tí àwọn ti ìṣáájú kò kà.

Ìròyìn ayọ̀ ni, a ò sì ní fi ayọ̀ rẹ̀ dù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Ṣágámù, tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe Wáẹ̀kì tán, kò gbọdọ̀ tìtorí iye yìí sùn lọ. Ohun tó ń fa iye gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń fún ọmọ tiwa lóyún.

Ìgbéyàwó ni iye yẹn ń tẹ̀ lé jù. Nínú ìwádìí 2013, ní Àríwá Ìwọ̀-Oòrùn, 36 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́mọbìnrin ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn tiwa, 8 ni. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn ti òkè lọ́hùn-ún, ilé ọkọ ni oyún ti bá wọn. Nítorí náà, bí àwọn òbí níbẹ̀ bá sún ìgbéyàwó ọmọ síwájú ní ọdún kan péré, iye gbogbo Nàìjíríà á wálẹ̀, kódà bí nǹkan kan ò bá yí padà láti Òdogbolú títí dé Ìpẹru. Ó sì ń sún síwájú lóòótọ́. Ní 2013, ìdajì àwọn obìnrin ọlọ́dún 25 sí 49 ló ti wọlé ọkọ nígbà tí wọ́n fi máa lé díẹ̀ ní ọdún 18. Ní 2018, ó ti di ọdún 19.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń ka tiwọn láti ìgbà pípẹ́. Ọdún 1957 ni iye tiwọn ga jù: ọmọ 96 lé díẹ̀ fún ẹgbẹ̀rún kan ọ̀dọ́mọbìnrin. Ìyàwó ilé ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìyá ọ̀dọ́ ìgbà yẹn, nítorí náà kò sí ẹni tó lu agogo. Ní 1991, iye náà jẹ́ 61.8, ó sì ti kéré ju ti 1957 lọ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì lọ́kọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bí i, ni gbogbo ìlú bá dìde sí i. Lónìí, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13. Bí ọmọ bá ti bímọ, iye kà á, kò bèèrè bóyá ilé ọkọ ló wà tàbí ilé bàbá rẹ̀, bóyá ó fẹ́ ẹ tàbí wọ́n fi agbára mú un.

Báwo ni tiwa níhìn-ín ṣe wá kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ti àwọn yòókù? Ilé ẹ̀kọ́ ni, a sì lè tọ́ka sí ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ tó gbé ètò náà kalẹ̀, Stephen Awókòyà, ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú ni. Àwọn ọmọ tó wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fo láti nǹkan bíi 457,000 ní 1954 sí iye tó ju 800,000 lọ ní 1955. Ọmọbìnrin tó wọlé lọ́dún yẹn lọ́mọ ọdún mẹ́fà pé ọdún 15 ní 1964, ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ló sì di olùkọ́, nọ́ọ̀sì, akọ̀wé àti oníṣòwò tó lè ka ìwé ọjà tirẹ̀. Ní 1979, nígbà tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, di gómìnà Ògùn, ẹ̀kọ́ girama náà di ọ̀fẹ́. Bàbá tó ní ọmọ mẹ́fà kò ní láti pín owó mọ́ kó wá ní kí obìnrin jókòó sílé fún ọkùnrin.

Nínú ìwádìí 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò lọ sílé ẹ̀kọ́ rárá, 44 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Nínú àwọn tó ti kọjá girama, ẹyọ kan ni. Ní abúlé, 27. Ní ìgboro, 8. Kò sí òògùn kankan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ohun tó sì ń fà á kò le: ọmọ tó wà ní kíláàsì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjì ọ̀sán ní ibi tó wà, ó ní ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, ó sì ní ìdánwò tí ń bọ̀ tí oyún lè bà jẹ́. Ó ní nǹkan tó lè pàdánù.

Ibẹ̀ gan-an ni a ti rí ihò tó wà ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ọmọ wa ń wọ ilé ẹ̀kọ́, ó ń dé SS3. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù. Ọmọ ọdún 16 tàbí 17 ṣe Wáẹ̀kì tán, èsì kò pé, tàbí ó pé ṣùgbọ́n JAMB kò gbà á. Wọ́n ní kó máa dúró. Ní báyìí tó ń dúró, wọ́n mú un lọ kọ́ aṣọ rírán tàbí irun ṣíṣe, tàbí kó máa jókòó ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Owó ọkọ̀ ojoojúmọ́ kò sí. Ọlọ́kadà tó ń gbé e lọ láìgba owó, ọkùnrin tó ń ra dátà sórí fóònù rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè tó ní òun á bá a ṣe fọ́ọ̀mù: àwọn wọ̀nyí ló ń dí ihò yẹn. Lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn awakọ̀ tírélà ń sinmi sí ní Ògèrè àti ní ìkóríta Ṣágámù, ọmọ tó ń kiri omi àti búrẹ́dì títí ilẹ̀ fi ṣú wà nínú ewu tó ju èyí lọ.

Èrò tiwa ni pé owó tí òbí lè ná tó máa ṣe é láǹfààní jù lọ́dún yẹn ni owó ọkọ̀. Ẹ ṣírò ti ọ̀sẹ̀ kan lódindi, kí ẹ sì fún un pa pọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kó má bàa di pé ó ń wá ẹni tó máa gbé e ní ọjọ́bọ̀. Kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ bá ọ̀gá rẹ̀ jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn: aago tí wọn yóò máa jọ̀wọ́ rẹ̀, pé kò ní sùn ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí iṣẹ́ ọdún bá pọ̀, pé wọn kò ní rán an lọ gbé aṣọ fún oníbàárà ọkùnrin nílé, àti iye owó fírídọ́ọ̀mù, nítorí ọmọ tó parí iṣẹ́ tí kò rówó gba òmìnira lè fi ọdún méjì jókòó sójú kan náà. Ọ̀pọ̀ òbí ń bèèrè owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ nìkan, wọn kì í bèèrè àwọn yòókù.

Tí ẹnìkan bá wá sọ iye ti Ìjẹ̀bú tàbí ti Rẹ́mọ fún yín, ẹ bi í níbi tó ti rí i. Ìwádìí 2018 bá obìnrin bíi 42,000 sọ̀rọ̀ káàkiri ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Tí ẹ bá pín in dọ́gba, kò ju bíi 1,100 lọ fún ìpínlẹ̀ kan, àwọn tó wà láàárín ọdún 15 sí 19 nínú wọn kò sì ju bíi igba lé díẹ̀. Nínú igba ọmọ, ẹni méjì péré ló ń sọ 5 nínú ọgọ́rùn-ún di 6. Iye yẹn tún jẹ́ ti gbogbo Ògùn, láti Ìmẹ̀kọ dé etí odò. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́sàn-án tiwa, Ìjẹ̀bú mẹ́fà, Rẹ́mọ mẹ́ta, kò ní iye tirẹ̀ nínú ìwé náà. Ìkànìyàn tó kẹ́yìn ní Nàìjíríà sì ni ti 2006, ìyẹn ni pé àfojúbù ni iye ọmọbìnrin tí a fi ń pín ìbímọ ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Àwọn àṣìṣe mìíràn wà nínú ìkà náà fúnra rẹ̀. Obìnrin ọlọ́dún 15 sí 49 nìkan ni wọ́n ń bi léèrè, nítorí náà ọmọ ọdún 13 tó lóyún kò sí nínú iye. Ọmọ tó ti bímọ, wọ́n lè gbé ọjọ́ orí rẹ̀ gun 20 nítorí ó ti dà bí àgbàlagbà lójú wọn. Ọmọ tó wà nílé pẹ̀lú bàbá rẹ̀ ní yàrá kejì kò ní sọ pé òun ti lóyún rí. Ìwádìí 1999 tiẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ìbí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ kéré ju ti 2003 lọ, ìdí nìyẹn tí a fi fò ó lókè. Èyí tó sì pa mọ́ jù ni oyún tí wọ́n ṣẹ́. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí dókítà ṣẹ́ oyún àfi láti gba ẹ̀mí ìyá là, nítorí náà ìkọ̀kọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbà ṣe é. Iye ìbímọ tó kéré lápá ọ̀dọ̀ wa kò túmọ̀ sí pé oyún kéré bẹ́ẹ̀.

Ibi tí a ti lè mọ tiwa ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ aboyún ní àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, nítorí àyè ọjọ́ orí wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé ọmọ ọdún 16 á ní òun jẹ́ 19, nọ́ọ̀sì á sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n bí i àti kíláàsì tó wà kẹ́yìn, iye méjèèjì á tú ara wọn fó. Àwọn tó bí sílé agbẹ̀bí tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ kò sì wọ ìwé náà rárá.

Nípa ara ọmọ náà. Àìsàn oyún àti ìrọbí wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 sí 19 jù lọ ní àgbáyé. Ẹni tó kéré gan-an, egungun ìbàdí rẹ̀ lè má tíì gbòòrò tó kí orí ọmọ kọjá, ìrọbí á sì há. Bí ó bá há fún ọjọ́ méjì láìsí iṣẹ́ abẹ, ó lè dá ihò sí àpò ìtọ̀, kí ìtọ̀ máa dà láìdúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú gìrì wá wọ́pọ̀ nínú oyún àkọ́kọ́, ibà náà sì máa ń kọlu aboyún àkọ́kọ́ ju ẹni tó ti bímọ rí lọ, á sì jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán.

Gbogbo èyí ni ìtọ́jú ń dín kù, ṣùgbọ́n ìtìjú ló ń pa ìtọ́jú. Ọmọ náà á fi aṣọ di ikùn, á wọ ẹ̀wù ńlá, ó máa wá fi ojú han nọ́ọ̀sì ní oṣù keje. Ohun tó yẹ ni kó dé ilé ìwòsàn kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12, kí ó sì rí nọ́ọ̀sì ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ kó tó bí. Láti ọ̀sẹ̀ 13, wọ́n á fún un ní òògùn tó ń dènà ibà, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Fansidar: ẹyọ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lójú nọ́ọ̀sì, ó sì gbọ́dọ̀ tó ìgbà mẹ́ta kó tó bí, oṣù kan láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ẹni tó wá ní oṣù keje lè má rí ju ẹ̀ẹ̀mejì gbà. Òògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó ní irin tó 30 sí 60 mílígíráàmù ni kó máa lò lójoojúmọ́, pẹ̀lú folic acid 0.4 mílígíráàmù. Ẹ kíyè sí èyí: folic acid 5 mílígíráàmù tí wọ́n ń tà káàkiri kẹ́mísì ń sọ òògùn ibà yẹn di aláìlágbára. Ẹ mú páálí rẹ̀ lọ han nọ́ọ̀sì. Abẹ́rẹ́ ipá: èyí àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tó bá dé, èkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí ojú ń ṣe bàìbàì, tí ojú àti ọwọ́ wú, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde, tí omi dà kó tó tó àkókò, tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ bá tó 140 lórí 90, ẹ má ṣe lọ ilé agbẹ̀bí mọ́. Ilé ìwòsàn ńlá tó ní yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí ẹ gbé e lọ. Ní Rẹ́mọ, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ wà ní Ṣágámù.

Kí oyún tó dé, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ń sọ fún ara wọn la gbọ́dọ̀ dáhùn. Omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ pẹ̀lú kán-ún, Alabukun, Ampiclox: kò sí èyí tó ń dènà oyún nínú wọn. Fífò sókè lẹ́yìn ìbálòpọ̀ náà kò ṣe nǹkan kan. Ìbálòpọ̀ àkọ́kọ́ lè mú oyún wá. Òògùn pàjáwìrì tí wọ́n ń pè ní Postinor wà ní kẹ́mísì: levonorgestrel 1.5 mílígíráàmù, yálà ẹyọ kan tàbí ẹyọ méjì oní 0.75 lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín wákàtí 72. Bó bá ṣe yá tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Bí ó bá bì í kó tó pé wákàtí méjì, kí ó tún un lò. Kì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró, kò sì dára kí a sọ ọ́ di ohun tí a ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí ó máa ń kùnà ju abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí èyí tí wọ́n ń tì bọ apá tó ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Rọ́bà nìkan ló ń dènà àrùn pẹ̀lú oyún. Bí nǹkan oṣù kò bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn Postinor, kí ó fi ìtọ̀ òwúrọ̀ àkọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò.

Ti òfin kò gùn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ògùn sọ di tirẹ̀ ní 2006, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè ṣe ìgbéyàwó tó múlẹ̀. Ẹni tó bá bá ọmọ lò pọ̀ lè gba ẹ̀wọ̀n gbére, "ó gbà fún mi" tàbí "mo rò pé ó ti pé 18" kò sì lè gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, bí ìdílé méjèèjì bá jókòó ní ilé baálé, tí wọ́n gba owó, tí wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kò parí lójú òfin. Bí wọ́n bá fipá bá ọmọ lò pọ̀, kí ó má ṣe wẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn láàárín wákàtí 72, nítorí òògùn tó ń dènà kòkòrò HIV kò ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ọmọ tó ti bí kò tíì kúrò nínú iye, nítorí oyún kejì tó tètè dé náà ń wọ inú ìkà. Ó yẹ kí ó tó ọdún méjì lẹ́yìn ìbí àkọ́kọ́ kó tó tún lóyún. Èyí tí wọ́n ń tì bọ apá ṣeé fi sí i kí ó tó kúrò nílé ìwòsàn, kò sì ba ọmú jẹ́. Abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ta ní láti dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bí ó bá ń fọ́mọ lọ́mú. Ẹ bá a sọ ọ́ nígbà tó ṣì wà nínú oyún, nítorí lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ẹnikẹ́ni kì í rántí mọ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ní kó má padà, ẹ gba ìwé ìjáde, ẹ mú un lọ sí òmíràn níbi tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín wà, tàbí kí ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò Wáẹ̀kì tàbí NECO ti àwọn tí kò sí nílé ẹ̀kọ́. Ìbéèrè tó máa ń dá a dúró ni ẹni tí yóò máa gbé ọmọ náà láti aago mẹ́jọ sí méjì ọ̀sán. Ìyá àgbà ló sábà máa ń ṣe é, owó ọjà tí ìyá àgbà pàdánù ló sì yẹ kí ìdílé bàbá ọmọ náà san, oṣù dé oṣù.